Bí Etí Ọdẹ́gbàmí Ṣe Rí Oúnjẹ Jẹ ní Ìlú Ẹnukan

Ẹ̀yin tí ẹ kó fóònù yín fún Sùbérù kó bá yín fi iná sí i, tí ẹ wá ń wojú jẹnẹrétọ̀ bí ẹni ń wojú aláìsàn, ẹ súnmọ́ mi. Tiyín ò tí ì kún, tèmi ò tí ì kàn, gbogbo wáyà tó wà nínú ìsọ̀ yìí ló ti lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. Kí ni ká máa fi ẹnu ṣe? Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jókòó, ẹ bọ́ sí apá ọ̀tún mi. Apá òsì mi kì í gba èrò. Ìwọ tó dé fìlà pupa, apá ọ̀tún ni mo wí. Ẹ ṣeun.

Ọdẹ ni mí. Mo ti wọ igbó tó jẹ́ pé igi ibẹ̀ ló ń bi ènìyàn pé ọmọ ta ni. Mo ti fi ìka kan ṣoṣo lé ìkookò wọ ihò rẹ̀, ó sì bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun pa ilẹ̀kùn dé. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí náà ẹ ò lè já mi nírọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe ti agbára mi. Ti obìnrin kan ni, Ìbíyẹmí ọmọ Ọdẹ́gbàmí, ará Ìdí-Ọsẹ̀, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà tó lọ wá oúnjẹ fún etí bàbá rẹ̀. Ẹnu òun gan-an ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi í, ó wà nílé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti bàbá. Ọdẹ́gbàmí, olúọdẹ ni. Kí n má purọ́ fún yín, ọkùnrin náà dára. Ó ga, àyà rẹ̀ fẹ̀, bó bá ń rìn lọ àwọn obìnrin á gbàgbé ohun tí wọ́n ń rò lórí iná. Ẹ ò lè rí irú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìbọn ò mọ olówó rẹ̀. Bí ọdẹ bá ń yìn ín lu ẹran láti kékeré, etí ọdẹ náà ni ariwo rẹ̀ ń bà díẹ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó yin ìbọn kan tí ẹ̀tù rẹ̀ pọ̀ jù, èéfín tú, ọdẹ dìde, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹyẹ ń ya ẹnu lórí igi, ohùn ò jáde. Ìyàwó rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ètè lásán ló ń rí.

Ẹ̀yin ará ìlú ńlá lè rò pé ìyẹn ò tó nǹkan. Ọdẹ tí kò bá gbọ́ràn nínú igbó, ẹran ló ń dọdẹ rẹ̀. Nínú ilé pàápàá, wọ́n ní láti dá àṣà tuntun. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ sí i, torí ọdẹ tí jìnnìjìnnì bá mú, ìbọn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dáhùn. Ẹni tó bá fẹ́ pè é, òkúta wẹ́wẹ́ ni yóò jù síwájú rẹ̀. Bó bá ti rí òkúta tó ta nílẹ̀, á mọ̀ pé wọ́n ń pe òun, á yíjú padà.

Ìbíyẹmí kì í ṣe ọmọ tó lè máa wo ìyà bàbá rẹ̀ níran. Iṣẹ́ títún rédíò ṣe ló kọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ó tú rédíò, ó ṣa inú rẹ̀. Ó wá lọ sídìí igi ọsẹ̀ kan tó ti kú, níbi tí kòkòrò kan ń gbé tó máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ èèrà láti òkè odò, ó sì bọ́ awọ ikùn rẹ̀. Ó fi èyí mọ èyí, ó ṣe etí méjì fún bàbá rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju horo ẹ̀wà lọ. Ó fi oje igi dí wọn yíká kí òógùn àti òjò má baà wọ inú wọn. Ojú kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ lára wọn, kò tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mu iná. Ọjọ́ tó fi wọ́n sí bàbá létí, ọkùnrin náà gbọ́ bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ nínú ọbẹ̀. Àwọn tí ariwo ti ba etí wọn jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá: alágbẹ̀dẹ, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata, àwọn ọdẹ bíi méjì. Wọn ò pọ̀. Etí kì í ṣe ohun tí gbogbo ayé ń rà.

Láyé ìgbà náà, iná ò tí ì gun òpó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìlú Ẹnukan ni wọ́n ti ń lọ pọn ọ́n. Àwọn ẹbọra ibẹ̀ ti mú mànàmáná, wọ́n so ó mọ́ èèkàn bí àgbò iléyá, ẹni tó bá fẹ́ yóò gbé ìkòkò lọ rọ tirẹ̀. Ẹnu tó bá wu oníkálukú ló ń fi sí ìkòkò rẹ̀. Ti Ìbíyẹmí, ẹnu abẹ́rẹ́ ni.

Ọdún kan wá dé, àwọn tó lọ pọn iná padà pẹ̀lú ìròyìn. Ọba Ẹnukan ti pàṣẹ: ohunkóhun tó bá ń jẹ mànàmáná, ẹnu kan náà ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ní. Ẹnu náà pẹlẹbẹ, òkè rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ bára mu, bí o dojú rẹ̀ délẹ̀ tàbí o ṣí i sókè, yóò wọlé. Ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ bá yàtọ̀, fífọ́ ni. Inú àwọn tó ń ṣe àtùpà àti rédíò dùn, wọ́n ní ayé ti dẹrùn. Ìbíyẹmí ní tirẹ̀ fẹ́ wọ̀n ọ́n wò ná. Ó gbé etí kan lé àtẹ́lẹwọ́, ó gbé ẹnu tuntun náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹnu náà tóbi ju etí lọ.

Ìkòkò rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ọjọ́ ìṣígbó ti ń bọ̀. Lọ́jọ́ ìṣígbó ní Ìdí-Ọsẹ̀, olúọdẹ nìkan ni yóò kọ́kọ́ wọ igbó, òun ni yóò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ la ọ̀nà fún àwọn yòókù. Lọ́dún náà, wọ́n ti rí ẹfọ̀n kan tó ń tọ́mọ lẹ́bàá igbó. Ẹfọ̀n tó ń tọ́mọ kì í béèrè ohun tó gbé ọ wá.

Ìbíyẹmí ní, "Bàbá mi, bí n ò bá tètè dé, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣí igbó lọ́dún yìí."

Ọdẹ́gbàmí ní, "Ta ni? Ìyá rẹ ni? Mo ní etí, n ò ní etí, ọjọ́ bá pé, màá wọ igbó." Ó yọ etí méjèèjì kúrò, ó kó wọn sí i lọ́wọ́. "Máa lọ, má pẹ́." Ìbíyẹmí dá a lóhùn, ṣùgbọ́n bàbá ò gbọ́ mọ́. Ohun tó fi dá a lóhùn, bàbá ò mọ̀ ọ́n títí dòní. Mo ti bi í, kò sọ fún mi.

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yìí gbéra. Igbó Ìdákẹ́rọ́rọ́ ló kọ́kọ́ kàn, níbi tí ìró ti kú sí. Ó tẹ ewé gbígbẹ, ewé ò dún. Ó kọrin, ó mọ̀ pé òun ń kọrin nítorí pé ọ̀fun rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n orin ò dé etí rẹ̀. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi rí òjìji kan tó na ara rẹ̀ lé òjìji tirẹ̀ nílẹ̀. Ó yíjú padà. Ẹkùn ni, ẹsẹ̀ bíi mélòó kan sí i. Kò mọ ìgbà tó ti ń tẹ̀ lé òun. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ẹkùn yó lọ́jọ́ náà, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìbíyẹmí jókòó sílẹ̀, ẹkún gbọ̀n ọ́n. Kì í ṣe nítorí ẹkùn. Ó ní, "Báyìí ni bàbá mi ṣe ń rìn láti ọjọ́ yìí, n ò mọ̀." Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, bí mo bá dé ibi ìtàn yìí, mo máa ń mu omi díẹ̀. Sùbérù, fún mi lómi.

Ó jáde ní igbó, ó dé odò. Obìnrin ẹbọra kan ló ń tu ọkọ̀ níbẹ̀, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó ń jẹ àgbàdo sísun bó ṣe ń tukọ̀. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sùn fọnfọn, wàrà ń ṣe yọ̀bọ̀ létí ẹnu rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, ìyá," ni Ìbíyẹmí wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi kọjá."

"Àlọ́ àpamọ̀ kan ni èmi ń gbà," ni ẹbọra wí. "Bí o bá mọ̀ ọ́n, o kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Bí o ò bá mọ̀ ọ́n, màá gbé ọ kọjá náà, ṣùgbọ́n màá gba ẹ̀rín rẹ. Ó lọ síbi àsè ọba. Kò léyín, kò gbé àwo, kò fọwọ́ kan ọbẹ̀, síbẹ̀ ó yó délé. Kí ni?"

Ìbíyẹmí ronú. Ó ní, "Èéfín." Ẹbọra mi orí. Ó ní, "Ìgbálẹ̀." Ẹbọra bú sí ẹ̀rín, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ yí orí sí apá kejì, ó gùnfẹ̀. Ìbíyẹmí ní, "Òórùn ọbẹ̀ ni." Ẹbọra ní, "O ti gbìyànjú." Ó na ọwọ́, ó fa ẹ̀rín náà jáde lẹ́nu rẹ̀, ó dì í mọ́ etí ìró rẹ̀, ó so ó ní kókó. "Ọjọ́ tí o bá mọ̀ ọ́n, á sáré wá bá ọ fúnra rẹ̀." Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n tí ẹ ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara yín, ẹ pa ẹnu yín mọ́. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Nígbà tó yá ó dé ẹnu ibodè Ẹnukan. Oníbodè ibẹ̀ ga bí àgbọn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà, ó sì fi ẹnu pẹlẹbẹ yẹn kọ́rùn lórí okùn tí iná ń gbà kọjá. Ohunkóhun tó bá fẹ́ kọjá, á ti ẹnu náà bọ̀ ọ́. Bó bá wọ̀ ọ́, á ní, "Máa lọ." Bí kò bá wọ̀ ọ́, á ní, "Yà sẹ́gbẹ̀ẹ́." Kì í bínú, kì í sì í ronú. Wọ́n ní ó ti ẹnu náà bọ ihò imú ewúrẹ́ kan rí, kò wọ̀ ọ́, ewúrẹ́ náà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ká ní èmi ló gbé e sún mọ́ imú rẹ̀ ni, ẹnu ibodè náà ì bá ti di ahoro. Ìbíyẹmí kó etí méjèèjì jáde. Oníbodè gbé ẹnu pẹlẹbẹ lé wọn, ẹnu bò wọ́n mọ́lẹ̀.

"Yà sẹ́gbẹ̀ẹ́," ni ó wí.

Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń yà sí yìí ti di abúlé. Gbogbo àwọn tó ń ṣe ohun tí kò wọ́pọ̀ ló wà níbẹ̀: ẹni tó ń ṣe agogo tí í kìlọ̀ fún àwọn awakùsà, ẹni tó ń ṣe ohun tí í máa lu ọkàn tó bá fẹ́ gbàgbé lílù, àtàwọn mìíràn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Láògún ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ẹyẹ ti yé ẹyin sí fìlà rẹ̀. Àtùpà àwọn tó ń mòòkùn wá òkú nínú odò ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó fún Ìbíyẹmí ní àpótí, ó fún un lómi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò kúkú gbé ẹnu tuntun náà sára àtùpà yín," ni Ìbíyẹmí wí.

"Àbúrò, bí mo bá lu ihò sí i lára, omi ń kọ́? Àwọn tó ń ṣe rédíò, gbogbo ayé ló ń rà á. Bí wọ́n bá tún un mọ láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ayé ló máa bá wọn gbé ìnira rẹ̀, kò ní hàn lọ́rùn ẹnì kan. Èmi tí mò ń ṣe fún àwọn òmùwẹ̀, mélòó ni wọ́n? Ẹrù kan náà ni, orí díẹ̀ ló máa rù ú. Mo ti ránṣẹ́ sí ọba. Mò ń retí."

Ìbíyẹmí wo ẹyin tó wà ní fìlà ọkùnrin náà, ó ronú kan ọjọ́ ìṣígbó, ara rẹ̀ ò gbà á. Àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n ẹni tí bàbá rẹ̀ fẹ́ fi ojú lásán pàdé ẹfọ̀n, ọbẹ̀ wo ló máa dúró kó tutù? Ó yá ọ̀bẹ kékeré Láògún, ó mú etí òsì, ó la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí ẹnu pẹlẹbẹ fi ráyè wọ ibẹ̀. Ó gbé e lọ. Oníbodè tì í bọ̀ ọ́, ó wọlé. Etí mu iná, ó yó. Ìbíyẹmí fi í sí etí ara rẹ̀ kó dán an wò. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà. Òógùn kan yọ láti iwájú orí rẹ̀, ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wọ inú ihò tuntun náà. Etí náà han bí ẹja tó bọ́ sínú epo gbígbóná, ó sì dákẹ́. Igi ọsẹ̀ tí kòkòrò rẹ̀ ń gbé, ìjì ti wó o lọ́dún tó kọjá. Kò sí awọ mìíràn mọ́ láyé. Ìbíyẹmí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sunkún títí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ fi rin.

Láògún ní, "Ó ku ọ̀kan. Gbé e lọ bá ọba fúnra rẹ. Má ránṣẹ́ bíi tèmi."

Ó lọ. Wọn ò dí i lọ́nà, torí ènìyàn kì í jẹ mànàmáná, òfin ò kàn án. Ó fi etí ọ̀tún pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Bẹ́ẹ̀ ni, ó rú òfin díẹ̀.

Ọba Ẹnukan kúrú, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Orí àpáta ló jókòó sí, kò wọ ohun ọ̀ṣọ́ kan. Ìbíyẹmí kúnlẹ̀, ó tu etí jáde, ó jẹ́wọ́ ọ̀nà tó gbà wọlé, ó sọ ti bàbá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọba gbọ́ ọ tán, ó dìde, ó mú un lọ sẹ́yìn ààfin. Òkè kan wà níbẹ̀ tó ga ju ilé lọ, wáyà lásán ni gbogbo rẹ̀, dúdú, funfun, èyí tí eku ti jẹ lẹ́nu.

"Wo ohun tí a ń gbé inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀," ni ọba wí. "Ilé kọ̀ọ̀kan ní àpò wáyà, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ ti èwo. Àlejò á dé, ebi á máa pa àtùpà rẹ̀, gbogbo àdúgbò á tú àpò wọn, kò ní sí èyí tó wọ̀ ọ́, àlejò á sùn sínú òkùnkùn. Olorì mi ni wáyà gbé ṣubú níbí, ìbàdí rẹ̀ ò tí ì jinná. Èmi ò ṣòfin láti pa ọ lára, ọmọ mi."

Ìbíyẹmí wo òkè náà pẹ́. Ó rí i pé òun ò ní ẹjọ́ kankan bá ọba rò. "Kábíyèsí, òfin yín dára," ni ó wí. "Etí bàbá mi ló kéré."

Ọba gbé etí náà lé orí èékánná rẹ̀, ó wò ó. "Òtítọ́ ni. Ohun tó bá kéré ju ẹnu náà fúnra rẹ̀ lọ, òfin ò ní mú un mọ́ láti òní. Kó o máa gbé e kọjá bó ṣe wù ọ́." Àwọn ìjòyè pàtẹ́wọ́, wọ́n ní obìnrin náà ti jàre, wọ́n ní kó dúró jẹun, torí àsè olorì ni wọ́n ń se lọ́jọ́ náà, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ìbíyẹmí ò dìde. "Kábíyèsí, mo dúpẹ́. Bí mo bá kọjá, kí ni yóò jẹ? Ìkòkò ẹnu abẹ́rẹ́ ò sí mọ́ níbikíbi. Gbogbo ayé ti gba ẹnu yín."

Ọba dá etí náà padà sí i lọ́wọ́. Ó ní, "Àyè ni mo lè fún ọ. N ò lè fún ọ lóúnjẹ."

Wọ́n gbé oúnjẹ sílẹ̀, iyán àti ọbẹ̀ ìgbín. Ìbíyẹmí jókòó tì í, kò lè jẹ ẹ́. Obìnrin ẹbọra kan jókòó níwájú rẹ̀, ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó ń fa iyán, ó ń bu ẹran jẹ, kò fi bò. Ọmọ náà fẹ́ gba òkèlè lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá ní, "Ìwọ tó ò léyín?" Ó fi ọmú sí i lẹ́nu. Ọmọ mu, ó mu, ó yó, ó gùnfẹ̀, ó sùn.

Ìbíyẹmí ń wò ó. Lójijì, wọ́n gbọ́ ohun kan tó ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà odò, ó gba ẹnu ibodè kọjá, ó gba àárín àwọn ìjòyè, ó kó sí Ìbíyẹmí lẹ́nu. Ẹ̀rín rẹ̀ ni. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú, omi ń jáde lójú rẹ̀. Àwọn ìjòyè ń wo ara wọn.

"Ọmọ ọwọ́ ni," ni Ìbíyẹmí wí. "Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni ẹbọra odò pọ̀n ọ́n sí, n ò rí i. Ìyá ló jẹ ẹ́, ọmọ ló yó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ìkarahun ìgbín yẹn nù."

Ó ṣa ìkarahun kan nínú àwo, ó fọ̀ ọ́, ó sá a. Ó gbé ẹnu pẹlẹbẹ ti ọba sí etí ìkarahun náà lóde, níbi tó fẹ̀. Nínú lọ́hùn-ún, níbi tó ká kòrókòró, ó ri abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan mọ́ ọn, ó fi wáyà bíńtín so ó mọ́ ẹnu ìta. Ó gbé etí lé abẹ́rẹ́ náà, ó jókòó síbẹ̀ bí ọmọ lórí ọmú. Kò lu ihò kankan sí etí lára. Ìkarahun ni yóò máa jẹun lẹ́nu gbogbo ayé, etí ni yóò máa mu lára ìkarahun.

Ó gbé e lọ bá oníbodè. Oníbodè ti ẹnu bọ ìkarahun, ó wọlé. Ó fi ojú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yọjú wo inú, ó rí etí tó ń mu. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa béèrè nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn. Ó ní, "Èwo ni mo wá bọ́ nínú wọn?"

"Ẹni tó bá bọ́ ìyá ti bọ́ ọmọ," ni Ìbíyẹmí dá a lóhùn.

"Máa lọ," ni oníbodè wí.

Láògún ń wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́. Ó rọra ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e tẹyẹtẹyẹ lé orí ìtì igi, ó lọ ń wá ìkarahun tó máa gba àtùpà.

Ìbíyẹmí ò dúró fún ìkíni. Ẹbọra odò ń tukọ̀ bọ̀ kó tó dé bèbè, ó ní, "Mo rí i nígbà tó sáré kọjá. Wọlé, o ti san tìrẹ." Ìbíyẹmí gba Igbó Ìdákẹ́rọ́rọ́ padà, ó ń rẹ́rìn-ín lọ láìsí ìró. Àárọ̀ ọjọ́ tó wọ Ìdí-Ọsẹ̀, ilé dá. Gbogbo ọkùnrin ti lọ sẹ́bàá igbó. Ọjọ́ ìṣígbó ni.

Ó sáré débẹ̀. Àwọn ọdẹ dúró lókè, wọ́n ká ọwọ́ gbera bí àṣà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé olúọdẹ. Ọdẹ́gbàmí ti sọ̀ kalẹ̀, òun nìkan, ìbọn léjìká, ó ń lọ sínú koríko gíga. Ìbíyẹmí pè é. Ó pè é títí ohùn rẹ̀ fi já. Bàbá ń lọ. Ó bá bẹ̀rẹ̀, ó mú òkúta wẹ́wẹ́ kan, ó fi gbogbo ara jù ú. Òkúta náà gba orí bàbá kọjá, ó ta sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bàbá dúró. Ó yíjú padà.

Ìbíyẹmí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó yọ etí ọ̀tún nínú ìkarahun, ó fi í bọ̀ ọ́. Kò sí òmíràn tó lè fi sí òsì. Ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò gbà á, ẹ̀rín àti ẹkún ló jọ jáde. Ẹ̀rín yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí bàbá gbọ́. Ó gbọ́ ọ bí ẹni tó ń mu omi tútù lẹ́yìn ààwẹ̀. Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

Ó wá ní, "Ìbíyẹmí, dákẹ́ díẹ̀. Nǹkan kan ń mí nínú koríko yẹn."

Wọ́n fi ẹ̀yìn rìn dé ìdí igi. Ẹfọ̀n náà jáde pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ gan-an níbi tí òkúta ta sí, níbi tí bàbá ì bá tẹ̀ bó bá gbé ẹsẹ̀ kan sí i. Ó dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó kó ọmọ rẹ̀ lọ. Bàbá ò yin ìbọn. Ìyá tó ń tọ́mọ ni.

Ó tán. Ẹ má wojú mi bẹ́ẹ̀. Sùbérù, ṣé ó ti kàn mí? Ó ti ń ké tín-ín tín-ín sí mi láti ìgbà tí mo ti dé orí ọ̀rọ̀ àsè, ó fẹ́ kú. Wáyà wo? Èyíkéyìí tó bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, ọmọ mi. Gbogbo wọn ló wọ̀ ọ́. Gba ìkarahun náà dáadáa, má jẹ́ kó já bọ́.

Ìwọ tó dé fìlà pupa, tó sún lọ sẹ́yìn mi tó ń wí fún ọ̀rẹ́ rẹ pé irọ́ ni bàbá yìí ń pa, mo gbọ́ ọ. Apá ọ̀tún ni o wà. Ọdẹ́gbàmí lorúkọ mi.

Ó dáa, mo fẹ́ yọ ọ́ báyìí. Bó bá ti kúrò létí mi, n ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́ títí yóò fi yó, ẹ lè wá máa bú mi bó ṣe wù yín. Bí ó bá kún, kí ẹnikẹ́ni má gba ẹ̀yìn wá fọwọ́ kàn mí o. Ẹ mú òkúta wẹ́wẹ́ kan, kí ẹ jù ú síwájú mi.